Ẹ Má Tíì Ra Tẹlisíkóòpù: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ẹni Tuntun Sọ Nínú Ẹgbẹ́ Awòràwọ̀ Wa

Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo tẹríba fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọdé tí wọ́n gbà fún pé kẹ́ ẹ má tíì lọ sùn lálẹ́ òní, mo kí yín gan-an ni. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tí n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń gba máìkì lọ́wọ́ mi, torí náà mo ti bẹ alága pé tójú ọ̀run bá ti mọ́ dáadáa níta, kí wọ́n wá fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má purọ́ fún mi o. Ẹ̀yin mélòó lẹ ní tẹlisíkóòpù, awò gígùn tá a fi ń wo ojú ọ̀run, nílé, tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí wọ́dúróòbù, tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láti bí ọdún kan? Ẹ nawọ́, ẹ má tijú. Hẹn-ẹn! Ẹ ò rí i? Mo rí bí ọwọ́ méje, mo tún rí bàbá kan tó kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó wọn kí wọ́n tó na tiwọn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ara wa la wà, èmi náà ni ẹnì kẹjọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé mo ti wọ ẹgbẹ́ awòràwọ̀, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Ṣé ìwọ náà ti ń ríran fún èèyàn ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Rárá o. A ò mọ ẹni tó máa fẹ́ yín, a ò sì mọ ìgbà tówó máa wọlé. Ohun tá a mọ̀ ni ibi tí Jupiter, ọ̀kan nínú àwọn ayé tó ń yí oòrùn ká, máa wà láago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀la, ìyẹn nìkan, ó sì tó wa.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé wá: ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Mo rí àwòrán Saturn, ayé mìíràn tó ń yí oòrùn ká, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i. Mo lọ ra tẹlisíkóòpù kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 500, àwòrán oríṣiríṣi aláwọ̀ mèremère wà lára páálí náà, èmi ṣáà rò pé ohun tó wà lára páálí ni màá bá nínú ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé e síta, mo fojú bọ̀ ọ́. Kí ni mo rí? Òkùnkùn. Mo yí i sósì, òkùnkùn. Mo yí i sọ́tùn-ún, nǹkan funfun kan ré kọjá fìrì bí ẹni tí wọ́n ń lé, n ò rí i mọ́. Tí n bá fọwọ́ kàn án báyìí, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi di ohun tá à ń fi kọ́ aṣọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí ló fà á? Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé iṣẹ́ tẹlisíkóòpù gan-an kì í ṣe kó sọ nǹkan di ńlá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ẹ wo garawa tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ òjò, bí ẹnu ẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó lomi tó máa gbà ṣe máa pọ̀ tó, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bó ṣe rí náà nìyẹn. Lẹ́ńsì iwájú tèmi ò ju mílímítà 60 lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fi 2 sọ iye mílímítà yẹn di púpọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ìyẹn ni pé 120 ni tèmi lè ṣe, lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá tún gbè é. 500 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, tẹ́ ẹ bá to lẹ́ńsì tí wọ́n fún yín léra, ó máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ńlá tó ṣókùnkùn tó sì rí bàìbàì lẹ máa rí. Bó sì ṣe ń sọ ìràwọ̀ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta jákujàku tó gbé e dúró di ńlá.

Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe pé ojú ọ̀run le. Ohun tí wọ́n tà fún mi ni ò dáa, èmi náà ò sì ní ẹni tí mo lè bi. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn? Páálí?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ ojú. Ojú yín yìí, tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé lọ́fẹ̀ẹ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ẹgbẹ́ awòràwọ̀, mo pẹ́ dé. Ilẹ̀ ti ṣú biribiri, mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn ṣùgbọ́n n ò rí ẹnì kankan, ni mo bá tan iná fóònù mi kí n má baà fẹsẹ̀ kọ. Yéè! Ariwo tí wọ́n fi bọnu, ẹ̀yin á rò pé ejò ni mo tẹ̀. "Pa á! Ẹ ní kó pa á!" Mo sáré pa á, mo dúró sójú kan bí olè. Obìnrin kan wá fa ọwọ́ mi nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Má bínú ọmọ mi, ojú wa lo bà jẹ́ yẹn."

Ohun tí wọ́n ń sọ kò yé mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí rèé. Tẹ́ ẹ bá ti inú iná bọ́ sínú òkùnkùn, ó máa gba ojú yín tó bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó lajú tán. Kì í ṣe ẹyinjú tó ń fẹ̀ sí i nìkan o, ohun kan wà nínú ojú tó máa ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ tó ń jẹ́ ká ríran nínú òkùnkùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí iná funfun bá sì kọ̀ mànà, gbogbo ẹ̀ ti túká, ẹ ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí i pé iná pupa fírífírí là ń lò nínú ẹgbẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ da ojú láàmú lálẹ́. Ẹ lè fi ike pupa bo tọ́ọ̀ṣì yín, ó parí.

Ọgbọ́n ojú kan tún wà tó máa yà yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan tó ṣú lójú ọ̀run, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń dọ́gbọ́n wo ẹni tí kò fẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú máa ń rí ohun tó ṣókùnkùn ju àárín ojú lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ó máa pòórá. Tẹ́ ẹ bá gbójú kúrò díẹ̀, ó máa padà wá. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní.

Kí lèèyàn wá lè fi ojú lásán rí? Ó pọ̀! Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, tẹ́ ẹ bá jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ lórí ìlà kan, kò sóhun tó jọ ọ́ lójú ọ̀run, ẹ ò lè ṣì í. Àmùrè Orion nìyẹn, Orion ni àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ní ó tò bí ọdẹ. Ìràwọ̀ kan wà lápá kan ẹ̀ tó pọ́n, Betelgeuse ni, òmíràn wà lódìkejì tó funfun tó fẹ́ máa búlúù, Rigel ni. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà àmùrè yẹn gùn lápá kan, ẹ máa já sọ́dọ̀ Sirius, òun ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá fà á gùn lápá kejì, ẹ máa kan Aldebaran, tẹ́ ẹ bá tún rìn síwájú díẹ̀, ẹ máa bá ìṣù kékeré kan tó rí bí ẹni da iyẹ̀pẹ̀ dídán sílẹ̀, Pleiades nìyẹn. Ìràwọ̀ mẹ́ta péré lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ gbogbo àdúgbò.

Ìwọ ọmọ tó jókòó níwájú yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Méje? Ó dáa, gbọ́ o. Ìmọ́lẹ̀ Sirius máa ń rìn fún ọdún mẹ́jọ ó lé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí wà á rí ti gbéra kí wọ́n tó bí ẹ, gbogbo ìgbà tó o fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, ojú ọ̀nà ló wà, ó ń bọ̀ wá bá ẹ.

Àti Àgùàlà. Ṣé ẹ rántí òwe yẹn? Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Àwọn tó pa òwe yẹn ti wo ojú ọ̀run fínnífínní kí wọ́n tó pa á o. Venus ni Àgùàlà, kì í ṣe ìràwọ̀, ayé bíi tiwa tó ń yí oòrùn ká ni, tẹ́ ẹ bá sì ń ṣọ́ ọ láti alẹ́ dé alẹ́, ẹ máa rí i pé òṣùpá fi í sílẹ̀ lọ, kálukú wọn ló ń rin ìrìn tiẹ̀. Tẹlisíkóòpù wo ni wọ́n fi mọ ìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kẹta, òun gan-an ló gbé mi wá: kí lẹgbẹ́ wà fún?

Mo ti sọ fún yín pé mo ba ojú àwọn èèyàn jẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. N ò tíì sọ èyí tó burú jù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ní tẹlisíkóòpù ńlá kan, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó àwo ńlá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ó lọ́wọ́, wọ́n pè mí, "Wá fojú sí i, kí lo rí?" Mo bẹ̀rẹ̀, mo fojú sí i. Dúdú kirikiri. Mo di ojú kejì, dúdú ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò pé mo ti tan iná, mo ti pẹ́ dé, tí mo bá tún ní n ò rí nǹkan, wọ́n á ní irú dìndìnrìn wo lèyí. Ni mo bá mí kanlẹ̀, mo ní, "Hàá bàbá, ó mà rẹwà o. Mo rí i kedere."

Bàbá dákẹ́. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n ṣí ìdérí kúrò lẹ́nu tẹlisíkóòpù. Wọ́n ní, "Ó dáa, wò ó báyìí."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni. Àwọn yẹn náà rín mi títí, wọ́n ṣì ń rín mi dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà fojú sí i, Saturn ló wà níbẹ̀. Ó kéré báyìí, kò tó èékánná ọmọ tuntun, ó dúró jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn pẹ̀lú òrùka lára, bí ẹni pé wọ́n yà á síbẹ̀. Mo gbójú kúrò, mo lọ yẹ iwájú tẹlisíkóòpù wò bóyá wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ọn. Bàbá ní gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé lọ́dún 1610, nígbà tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, fi tẹlisíkóòpù kékeré tiẹ̀ wo Saturn, kò mọ̀ pé òrùka ni, ó rò pé nǹkan kékeré méjì ló dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, ohun tó sì rí ló kọ sílẹ̀. Ó di 1659 kí onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Christiaan Huygens, tó gbé e jáde pé òrùka ló yí i ká. Bàbá ní, "Ẹni tó ní n ò rí i, a lè bá a tún un ṣe. Ẹni tó ní òun rí i, kí la fẹ́ bá a ṣe?"

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fojú sí i lálẹ́ òní tẹ́ ẹ ò rí nǹkan, ẹ sọ ọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà nínú ẹgbẹ́ tówó ò lè rà nìyẹn: ẹni tó dúró tì yín nínú òkùnkùn tó mọ ìdí tẹ́ ẹ ò fi rí i. Ẹ tún máa wo inú tẹlisíkóòpù mẹ́rin márùn-ún lálẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ó mọ èyí tó wúwo jù fún yín láti gbé, èyí tó rọrùn, èyí tó kàn jẹ́ fáàrí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tọ́wọ́ yín bá wá ń yún yín, ẹ kọ́kọ́ ra báínókúlà, awò olójú méjì, 7x50 tàbí 10x50. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po tó fi ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì ni mílímítà ẹnu lẹ́ńsì ẹ̀. Ó máa fi òṣùpá mẹ́rin tó tóbi jù lára àwọn tó ń yí Jupiter ká hàn yín tọ́wọ́ yín bá dúró, ẹ fara ti ògiri. Tó bá wá di ti tẹlisíkóòpù, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní Dobson. John Dobson, tó ti fìgbà kan gbé ilé àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, ló mú un gbajúmọ̀. Pákó pẹlẹbẹ àti páálí róbótó ló fi ń ṣe tiẹ̀, nígbà ayé ẹ̀, ó máa ń gbé e dúró sẹ́bàá títì ní San Francisco l'Amẹ́ríkà, á máa pe àwọn tó ń kọjá pé ẹ wá wo òṣùpá. Kò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbọ̀n, ilẹ̀ ló jókòó lé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lálẹ́ 23 oṣù Keje ọdún 1995, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Bopp wà nínú aṣálẹ̀ Arizona l'Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń wo ìràwọ̀. Kò ní tẹlisíkóòpù tiẹ̀ o! Ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń yọjú sí. Wọ́n ń wo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ M70, ó wá rí nǹkan bàìbàì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó bi àwọn tó kù, wọ́n wo ìwé àwòrán ojú ọ̀run, kò sí níbẹ̀. Wọ́n dúró dè é. Nǹkan náà ń rìn. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Alan Hale rí i láti ilé ẹ̀ ní New Mexico. Ìràwọ̀ onírù Hale-Bopp nìyẹn, tí gbogbo ayé fi ojú lásán rí fún bí ọdún kan àbọ̀. Ẹni tó yá tẹlisíkóòpù wò ni orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀ títí dòní. Ká ní ó ní òun máa dúró nílé títí òun á fi ra tòun ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kẹrin máa ṣe ṣókí, ọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ àlùkò tẹ́ ẹ ń rí lórí fóònù, kámẹ́rà ló fi ọ̀pọ̀ wákàtí kó ìmọ́lẹ̀ yẹn jọ. Ojú wa kì í kó ìmọ́lẹ̀ pa mọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ yàtọ̀ nínú òkùnkùn. Gálásì Andromeda, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ tó jìnnà réré, tẹ́ ẹ bá fojú rí máa dà bí èéfín tí ẹnì kan fẹ́ sójú gíláàsì. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò á ní, "Ṣé èyí náà nìyẹn?" Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ èéfín yẹn ti rìn fún ọdún mílíọ̀nù 2.5 kó tó wọ inú ẹyinjú yín. Ẹ ronú sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ máa rí i pé ẹ ò ní tètè gbójú kúrò.

Ti òṣùpá kì í jáni kulẹ̀ ní tiẹ̀, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà tó bá kún. Tó bá ti kún, oòrùn ń ràn án lójú gbọnrangandan, kò sí òjìji kankan. Ẹ wò ó nígbà tó bá ṣì wà ní ìlàjì, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà. Ẹ máa rí ṣóńṣó òkè kan tí oòrùn ti kàn lórí, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn, á dá tàn bí àtùpà. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù wákàtí kan tàbí méjì, ẹ máa rí i tó ń fẹ̀.

Ẹ dákun, ìkìlọ̀ kan, mi ò ṣàwàdà o. Ẹ má ṣe kọ tẹlisíkóòpù tàbí báínókúlà sójú oòrùn láé. Kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, ó ti ba ojú jẹ́ tí kò ní ṣeé tún ṣe, kò sì ní dùn yín nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Gíláàsì dúdú kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí pé kẹ́ ẹ dè mọ́ ibi ìfojúwò, ẹ sọ ọ́ nù, ooru lè là á lójijì. Iwájú pátápátá, lẹ́nu tẹlisíkóòpù, ni wọ́n máa ń de fíltà oòrùn gidi, ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, sí, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín dè é. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi?

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, torí ẹni tó dúró sójú kan láti alẹ́ dòru máa gbọ̀n, ẹ mú àga, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù kẹ́ ẹ máa ya ohun tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ kọ déètì àti àkókò sí i, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Tèmi àkọ́kọ́ dà bí ẹyin tó fọ́, mo ṣì ní i nílé.

Hẹn, alága ti fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ní Jupiter ti yọ lókè igi ọ̀hún, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹni tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, ẹ bá wa pa iná. Ẹ fi fóònù sápò, gbogbo fóònù o. Tẹlisíkóòpù mẹ́ta ló wà níta, ẹ má fọwọ́ ti ara ẹ̀, ojú nìkan lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọdé kọ́kọ́ wò ó. Mo ti lọ yẹ̀ wọ́n wò fúnra mi kí n tó wọlé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìdérí lórí ìkankan.